Seiko 5 bàbá mi kò rìn mọ́ lẹ́yìn tí mo tú u fọ̀

ỌmọAlhaji_Ìbàdàn, Ọjọ́ Àìkú, 9:14 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ aago.

Aago bàbá mi ló gbé mi dé ibí. Seiko 5 ni, ẹ̀rọ 7S26A ló wà nínú rẹ̀, òkúta kéékèèké 21 tó ń jẹ́ kí irin yí wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ní. Nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8N, ìyẹn oṣù kọkànlá ọdún 1998. Mẹ́kà ni bàbá mi ti rà á nígbà tí wọ́n lọ Hájì ní 1999. Lójú ibi tí orúkọ ọjọ́ ti ń yọ, èèyàn lè fi í sí Lárúbáwá tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Lárúbáwá ni bàbá mi fi í sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Àlùwàlá nìkan ló ń mú kí wọ́n bọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni ò tú ìdí rẹ̀ rí.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń falẹ̀. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, á ti fi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀yìn, nígbà mìíràn á kúkú dúró lóru. Ọdún méjì ni mo ti fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí fúnra mi, mo sì ti tú aago mẹ́rin tí wọ́n rìn padà, ni mo bá bẹ bàbá mi pé kí wọ́n jẹ́ n bá wọn ṣe é. Mo tú u palẹ̀ pátá, mo fọ gbogbo rẹ̀ mọ́, mo fi ọ́ìlì síbi tó yẹ, mo tò ó padà.

Kò rìn. Rotor, irin tó ń fì bí ọwọ́ bá ṣe ń mì, ń yí, jíà orí agolo sípíríǹgì ń yí tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n balance, àgbá kékeré tó ń lọ tó ń bọ̀ láti darí eré aago, dúró sójú kan. Tí mo bá mi aago náà, balance á lọ á bọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún tàbí mẹ́fà, á tún dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tún un tú, tí mo tún un tò. Àràárọ̀ ni bàbá mi ń bi mí pé, "Aago mi ńkọ́?" Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, n kò sì fẹ́ kí ó jẹ́ ọwọ́ mi ni aago yìí máa kú sí. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò?


Tóyìn_Mushin, Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ ti mì ín dáadáa? 7S26 kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi orí ẹ̀gbẹ́, bọ́tìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, ká. Bó ti wù kí ẹ yí orí yẹn tó, sípíríǹgì ò ní gbọ́. Rotor nìkan ló ń ká a, tí aago bá sì ti sùn pátápátá, mímì ẹ̀ẹ̀kan ẹ̀ẹ̀mejì kì í tó o.


ỌmọAlhaji_Ìbàdàn, Ọjọ́ Àìkú, 10:05 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Tóyìn. Mo mọ ìyẹn. Screwdriver ni mo fi yí súkúrù àárín jíà orí agolo yẹn sápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹfà, mo sì rí i pé ó ń le sí i. Agbára wà nínú sípíríǹgì. Ibi tó ń gbà sọnù ni mi ò mọ̀.


Ṣadé_Houston, Ọjọ́ Ajé, 5:52 àárọ̀

Gbólóhùn ìkẹyìn tí ẹ sọ yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Agbára wà, ó ń sọnù lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà yẹn lẹ́sẹẹsẹ títí a ó fi débi tó ti já.

Sípíríǹgì ńlá wà nínú agolo rẹ̀. Agolo ló ń yí jíà àárín, jíà àárín ń yí ìkẹta, ìkẹta ń yí ìkẹrin tó gbé ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá, ìkẹrin wá ń yí escape wheel. Escape wheel ló ń ti fọ́ọ̀kì kékeré tó ní òkúta pupa méjì lápá, fọ́ọ̀kì náà ló sì ń ta balance nípàá. Ẹ̀rọ yìí ń lù ní ìgbà 21,600 láàárín wákàtí kan, ìyẹn ìgbà 6 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ ṣe ń tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn lọ, eré ń pọ̀ sí i, agbára ń dín kù. Agolo le débi pé kò ní ka ìdọ̀tí díẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí ojú lásán ò rí ti tó láti dá escape wheel dúró. Nítorí náà, ẹ má tún un tú palẹ̀ mọ́ láìṣe àyẹ̀wò. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú u tí ẹ tún tò ó, ẹ lè fi àṣìṣe tuntun kún ti tẹ́lẹ̀, kò sì ní sí bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ti àkọ́kọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ yọ balance pẹ̀lú bíríìjì rẹ̀, irin pẹlẹbẹ tó dì í mú, kí ẹ gbé e síbi tí hairspring rẹ̀, sípíríǹgì tín-ín-rín tó wà lára rẹ̀, ò ti ní fara kan nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí fọ́ọ̀kì wà láyè rẹ̀. Ẹ ká sípíríǹgì ní eyín méjì tàbí mẹ́ta péré. Ẹ wá fi ẹnu abẹ́rẹ́ tọ́ ìrù fọ́ọ̀kì náà díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń jí ọmọ tuntun. Kò yẹ kí ẹ tì í dé òpin. Bí ẹ bá ti ṣí i kúrò níbi tó wà, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fò dé ẹ̀gbẹ́ kejì, pá! Kí ẹ tún tọ́ ọ láti apá kejì, kó tún fò padà, pá! Tó bá fò dáadáa lápá méjèèjì, ẹ fi àwọn jíà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ wà lára balance. Tó bá ń wọ́, a jẹ́ pé agbára ti sọnù kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tàbí kó jẹ́ fọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ló ń ṣàìsàn.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ tú agbára sílẹ̀ kí ẹ tó yọ fọ́ọ̀kì. Èyí ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo kọ. Ẹ fi screwdriver di súkúrù agolo mú, ẹ ti irin kékeré tó ń dá jíà náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ wá jẹ́ kí súkúrù náà yí padà díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá yọ fọ́ọ̀kì nígbà tí sípíríǹgì ṣì kún, àwọn jíà á sáré lẹ́ẹ̀kan náà, ṣónṣó ọ̀pá wọn sì lè kán. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, mo sọkún.

Tí fọ́ọ̀kì bá ti jáde, ẹ ká sípíríǹgì ní eyín kan tàbí méjì, ẹ máa wo escape wheel. Ó yẹ kó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kó rọra dín eré kù, tó bá fẹ́ dúró kó yí padà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó sinmi. Yíyí padà sẹ́yìn yẹn ni ẹ̀rí pé àwọn jíà wà ní òmìnira. Tó bá dúró gìrọ́ lójijì, nǹkan kan ló dì í mú.


Akin_Peckham, Ọjọ́ Ajé, 7:30 àárọ̀

Àǹtí Ṣadé ti sọ ọ́ dáadáa. Ohun méjì ni mo fẹ́ kún un.

Èkíní, òòfà. Ṣé ẹ gbé aago náà sí ẹ̀gbẹ́ fóònù nígbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́? Òòfà wà nínú ẹnu tí fóònù ń gbà sọ̀rọ̀. Tó bá ti mú hairspring, àwọn ìká rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí kò bá le, aago á kàn máa sáré. Tó bá le jù, á dúró. Ẹ gbé aago náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ńpáàsì kékeré kan, kí ẹ wò ó bóyá abẹ́rẹ́ rẹ̀ á mì.

Èkejì, ọ́ìlì. Ṣé ẹ fi ọ́ìlì sí ṣónṣó ọ̀pá fọ́ọ̀kì? Tí ẹ bá fi síbẹ̀, ẹ nù ún kúrò. Ojú òkúta méjèèjì tó ń kan eyín escape wheel nìkan la ń fi ọ́ìlì sí. Fọ́ọ̀kì ò rìn jìnnà lórí ọ̀pá rẹ̀ tó fi máa nílò rẹ̀, ńṣe ni ọ́ìlì níbẹ̀ á máa fà á. Ní tèmi, nínú àwọn ọ́ìlì aago Moebius, 9415 ni mo ń fi sí ojú òkúta, 9010 sí àwọn jíà tó ń sáré, HP 1300 sí èyí tó ń yí díẹ̀díẹ̀. Ara ògiri agolo, gírísì tó máa ń di sípíríǹgì mú ni kí ẹ fi síbẹ̀, irú 8217. Aago tó ń fi ìrìn ọwọ́ ká ara rẹ̀ kò so òpin sípíríǹgì mọ́ ògiri, ńṣe ló ń yọ̀ nígbà tó bá kún. Tí gírísì bá yọ̀ jù, á ti máa yọ̀ kó tó kún rárá, agbára ò sì ní í tó.


ỌmọAlhaji_Ìbàdàn, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:47 alẹ́

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe là á sílẹ̀.

Abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ò mì rárá. Mo fi ọ́ìlì sí ṣónṣó ọ̀pá fọ́ọ̀kì lóòótọ́, mo rò pé gbogbo ibi tí irin ti ń yí nínú òkúta ló yẹ kó gba ọ́ìlì. Mo ti nù ún. Ara ògiri agolo, 8217 ni mo fi síbẹ̀.

Fọ́ọ̀kì ń wọ́ ẹsẹ̀ ni. Kò sí pá kankan. Mo tú agbára sílẹ̀, mo yọ ọ́, mo ká sípíríǹgì ní eyín méjì. Àwọn jíà yí, ṣùgbọ́n wọ́n dúró gìrọ́, escape wheel ò yí padà sẹ́yìn. Ní mo bá dẹ àwọn súkúrù bíríìjì ńlá náà ní ìdajì yíyí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọ́ọ́rọ́wọ́! Mo tún wọn dì, wọ́n tún dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, bákan náà ló rí.


Dùgbẹ̀Aago, Ọjọ́rú, 8:20 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Bàbá mi àgbà ló ní kí n bá àwọn kọ èyí, àwọn ló jókòó tì mí. Láti 1974 ni wọ́n ti ń tún aago ṣe ní Dùgbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn nìyí bí wọ́n ṣe sọ ọ́:

Ọmọ mi, kú iṣẹ́. Bá mi kí Alhaji. Ohun tí súkúrù yẹn ń sọ fún ọ ni pé jíà kan há láàárín òkè àti ìsàlẹ̀. Jíà gbọ́dọ̀ ní àyè díẹ̀ láti lọ sókè lọ sódò nínú ilé rẹ̀. Tí o bá fi ẹ̀mú di í mú, ó yẹ kí o rí i pé ó ń mì díẹ̀, díẹ̀ báyìí, tó fi jẹ́ pé awò ojú nìkan ló lè fi hàn ọ́. Èyí tí kò bá mì ni kí o mú.

Má di gbogbo súkúrù náà pọ̀. Di ọ̀kan, fi ìka yí agolo díẹ̀, kí o wo àwọn jíà. Di èkejì, tún wò ó. Súkúrù tó bá dá wọn dúró, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìbéèrè kan rèé. Lórí bíríìjì náà, o máa rí àwọn òkúta kan tó ní ìdérí, tí sípíríǹgì pẹlẹbẹ kékeré dì wọ́n mọ́ ibẹ̀. Diafix ni Seiko ń pè é. Ṣé o ṣí wọn nígbà tí o fọ̀ ọ́? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kì í ṣí wọn nítorí sípíríǹgì rẹ̀ máa ń fò lọ. Ọ́ìlì tó ti wà lábẹ́ ìdérí yẹn láti 1998 ti di oje igi báyìí. Rírẹ̀ ẹ́ sínú omi ìfọ̀ kò lè ṣe é.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bẹntiróòlù la fi ń fọ gbogbo rẹ̀. Bẹntiróòlù máa ń gbẹ, á fi ọ̀rá sílẹ̀ sínú ihò òkúta. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi pé kí n gbẹ́ ẹnu ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan kó rí ṣónṣó, kí n fi sínú ihò òkúta, kí n máa yí i. Tó bá jáde pẹ̀lú dúdú, gé ẹnu rẹ̀, gbẹ́ òmíràn. Títí á fi jáde ní funfun.

Wọ́n ní kí n fi kún un pé tí o bá fẹ́ ṣí ìdérí náà, ṣe é nínú ọ̀rá tí a fi ń di nǹkan, èyí tó mọ́, kí sípíríǹgì má bàa sọnù tó bá fò.


ỌmọAlhaji_Ìbàdàn, Ọjọ́bọ̀, 11:33 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ kú orí ire. N kò ṣí wọn. Ẹ̀rù sípíríǹgì yẹn ló bà mí, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ.

Mo ṣe é nínú ọ̀rá lálẹ́ yìí, ó gbà mí ní wákàtí kan àti ààbọ̀. Òkúta ti jíà kẹta ni. Ohun tó wà lábẹ́ ìdérí rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó le, ó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ bí oje. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo gbẹ́ igi kó tó jáde ní funfun. Mo nu ìdérí náà, mo fi ọ́ìlì kékeré kan sí i, mo dá a padà. Mo di àwọn súkúrù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ká eyín méjì.

Escape wheel yí padà sẹ́yìn! Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Mo fi fọ́ọ̀kì sí i. Láti apá ọ̀tún, ó fò, pá, bí àǹtí Ṣadé ṣe sọ. Láti apá òsì, kò fò. Mo ní láti tì í gan-an kó tó ṣí. Mo dá balance padà, aago náà rìn fún bí ogójì ìṣẹ́jú-àáyá, ó dúró. Mo mì ín, ó tún rìn díẹ̀, ó dúró.


Tóyìn_Mushin, Ọjọ́ Ẹtì, 6:58 àárọ̀

Àbúrò, ọ̀sẹ̀ kan rèé. Ẹ ra ẹ̀rọ NH36 tuntun kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá, ojú aago yín á jókòó lé e lórí, ọjọ́ àti dátì wà lára rẹ̀, ẹ sì lè fi orí ẹ̀gbẹ́ ká a. Bàbá yín á ti fi sọ́wọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Ìfẹ́ ni mo fi sọ ọ́, nítorí mo rí i pé ó ń jẹ yín lọ́kàn.


ỌmọAlhaji_Ìbàdàn, Ọjọ́ Ẹtì, 7:25 àárọ̀

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀ ni bàbá mi mú bọ̀ láti Mẹ́kà. Tí mo bá yọ ọ́, àwo lásán ni màá dá padà fún wọn. Ẹ jẹ́ kí n tọpinpin rẹ̀ dópin ná. Tó bá jẹ́ pé kò sí ọ̀nà mọ́, màá gba ìmọ̀ràn yín.


Ṣadé_Houston, Ọjọ́ Ẹtì, 1:10 ọ̀sán

Inú mi dùn sí ti jíà kẹta yẹn ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ wò ó, àìsàn apá kan yàtọ̀ sí àìsàn apá méjì. Tó bá jẹ́ pé agbára ló kéré, fọ́ọ̀kì á wọ́ lápá ọ̀tún, á wọ́ lápá òsì. Ẹyọ apá kan ló ń kọ̀, apá kejì sì ń fò dáadáa. Agbára ti ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Fọ́ọ̀kì gan-an ni kí ẹ wò báyìí, òkúta rẹ̀ méjèèjì. Ẹ wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe yọ síta tó.

Mo sì fẹ́ béèrè ohun kan tó yẹ kí n ti béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ní ẹ fọ gbogbo rẹ̀ mọ́. Kí lẹ fi fọ fọ́ọ̀kì? Báwo ló ṣe pẹ́ tó nínú rẹ̀?


ỌmọAlhaji_Ìbàdàn, Ọjọ́ Ẹtì, 2:02 ọ̀sán

Epo láítà ni mo kọ́kọ́ fi fọ gbogbo wọn. Balance, mo kàn tì í bọ̀ ọ́ mo yọ ọ́. Fọ́ọ̀kì ní ìdọ̀tí lápá, nítorí náà mo fi í sínú ìgò kékeré kan tí mo bu sípíríìtì sí, èyí tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn. Mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó lè mọ́ dáadáa.


Káfíńtà_Ìjẹ̀bú, Ọjọ́ Ẹtì, 3:15 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò mọ nǹkan kan nípa aago, mo kàn ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ọjọ́ Ajé nítorí pé bàbá tèmi náà ní irú Seiko yẹn. Kí ni wọ́n fi lẹ òkúta pupa yẹn mọ́ fọ́ọ̀kì?


Ṣadé_Houston, Ọjọ́ Ẹtì, 3:31 ọ̀sán

Shellac.


Káfíńtà_Ìjẹ̀bú, Ọjọ́ Ẹtì, 3:50 ọ̀sán

Mo ti fura! Shellac la fi ń kun àga àti tábìlì kó máa dán. Ara kòkòrò kan ló ti ń wá, ní Íńdíà àti Thailand, ó máa ń rí bí èépá pẹlẹbẹ pupa-rẹ́súrẹ́sú. Sípíríìtì yẹn gan-an la fi ń yọ́ ọ. A ó bu ú sínú ike, a ó da sípíríìtì lé e, a ó fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tílẹ̀ bá mọ́, ó ti di omi. Òmi lásán ò lè ṣe é, kẹrosíìnì ò lè ṣe é. Sípíríìtì ni ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí a ń ṣe láti yọ́ shellac lẹ ṣe fún fọ́ọ̀kì yẹn.


Akin_Peckham, Ọjọ́ Ẹtì, 6:05 ìrọ̀lẹ́

Ọdún mẹ́jọ rèé tí mo ti mọ̀ pé ọtí líle àti sípíríìtì ò gbọdọ̀ pẹ́ lára fọ́ọ̀kì àti lára balance, n kò sì mọ ìdí rẹ̀ tó báyìí rí. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin káfíńtà.

Ọmọ Alhaji, ẹ fi kámẹ́rà fóònù ya fọ́ọ̀kì náà láti orí awò ojú, kí ẹ gbé e sójú ibí. Ẹ ya ojú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀.


ỌmọAlhaji_Ìbàdàn, Ọjọ́ Ẹtì, 9:20 alẹ́

Fọ́tò méjèèjì ti wà lókè. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: lára òkúta kan, ohun pupa-rẹ́súrẹ́sú kan ṣì wà níbẹ̀, ó ti fẹ́lẹ́. Lára èkejì, kò sí nǹkan kan mọ́, irin ló mọ́ kedere. Òkúta kejì yẹn yọ síta ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo fi ẹnu igi kàn án, ó mì. N kò tún fọwọ́ kàn án mọ́.


Ṣadé_Houston, Ọjọ́ Ẹtì, 10:44 alẹ́

Ìdí nìyẹn. Eyín escape wheel ń jókòó lé orí òkúta yẹn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì yẹ kó wọlé sí i lára. Nígbà tí òkúta ti yọ síta ju bó ṣe yẹ lọ, eyín náà ń wọlé jìn jù. Balance ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fa fọ́ọ̀kì kúrò lábẹ́ eyín yẹn nígbà 3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lápá kọ̀ọ̀kan, agbára tó ní ò sì tó láti fà á jáde láti ibi tó jìn bẹ́ẹ̀. Ó fà á, ó rẹ̀ ẹ́, ó dúró. Tí ẹ bá mì ín, agbára ọwọ́ yín ló ń ràn án lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ohun méjì ni ẹ bá pàdé pọ̀ nínú aago kan: oje abẹ́ ìdérí tó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, àti òkúta yìí tó dé lẹ́yìn fífọ̀. Tí ẹ bá ti kọ́kọ́ rí òkúta yìí tí ẹ sì pààrọ̀ fọ́ọ̀kì, aago ò bá má rìn síbẹ̀, ẹ ò bá sì rò pé fọ́ọ̀kì tuntun náà ò dáa.

Ẹ wo òkúta kékeré tó wà lábẹ́ balance náà, shellac ni wọ́n sábà máa ń fi dì í mú. Ẹ kàn án díẹ̀ pẹ̀lú ẹnu igi.


ỌmọAlhaji_Ìbàdàn, Ọjọ́ Ẹtì, 11:02 alẹ́

Ó dúró gbọn-in. Alhamdulillah. Ṣé mo lè tì òkúta fọ́ọ̀kì yẹn wọlé padà, kí n fi shellac tuntun lẹ̀ ẹ́? Káfíńtà ti ní àwọn á fún mi.


Dùgbẹ̀Aago, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:45 àárọ̀

Bàbá ní kí n dáhùn kíákíá kó tó fọwọ́ kàn án:

Rárá o, ọmọ mi. Èèyàn lè ṣe é, mo ti ṣe é, ṣùgbọ́n wàá nílò irin tí a máa ń fi iná mú gbóná lábẹ́ fọ́ọ̀kì, àti ojú tó lè mọ ìyàtọ̀ tó kéré sí ìbú irun orí. Tó bá jìn díẹ̀ jù, aago á dúró. Tó bá kúrú díẹ̀ jù, eyín á máa fò kọjá. Kọ́ ọ lára aago tó ti kú, má fi ti Alhaji kọ́ ọ.

Àpótí kan wà lábẹ́ tábìlì mi, Seiko tí àwọn oníbàárà ò wá gbà mọ́ ló kún inú rẹ̀. Máa bọ̀ lónìí. Mú aago náà dání kí n rí lẹ́tà tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà 7S26 rẹ̀. Ti lẹ́tà A la ń fi sínú A. N kì í fi ti B sínú A láìwò ó.


ỌmọAlhaji_Ìbàdàn, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:36 alẹ́

Mo ti dé láti Dùgbẹ̀.

Bàbá wá 7S26A kan jáde tí omi ti ba ojú àti ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ṣì mọ́. Wọ́n ní kí èmi fúnra mi tú u, àwọn jókòó tì mí. Nígbà tí mo fẹ́ yọ fọ́ọ̀kì, wọ́n di ọwọ́ mi mú: "Agbára ńkọ́?" Mo ti gbàgbé. Mo tú u sílẹ̀.

A fi epo láítà fọ fọ́ọ̀kì náà, kò tó ìṣẹ́jú kan, a sì fi afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́. Ó wọlé sínú aago bàbá mi bí ẹni pé ilé rẹ̀ ni. Pá lápá ọ̀tún. Pá lápá òsì. Bàbá ní kí n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá kí n tó gbé balance lé e. Ọ́ìlì kékeré sí ojú òkúta méjèèjì, kò sí ọ̀kankan ní ṣónṣó ọ̀pá rẹ̀.

Bí mo ṣe ń sọ balance kalẹ̀, n kò tíì di súkúrù rẹ̀ tán tó fi bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. N kò mì ín. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mo ní láti sọ screwdriver sílẹ̀.

Mo fẹ́ fún Bàbá ní owó, wọn ò gbà. Wọ́n ní kí n máa wá jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Màá máa lọ.


Akin_Peckham, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:50 alẹ́

Mo pariwo nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mo kà á! Tí ẹ bá ní app orí fóònù tó ń gbọ́ ìró aago, ẹ fi lift angle, iye dígírì tí balance ń yí nígbà tí fọ́ọ̀kì bá ń kàn án, sí 53, òun ni ti 7S26. Ẹ jìnnà sí fóònù náà díẹ̀, ẹ rántí òòfà.


ỌmọAlhaji_Ìbàdàn, Ọjọ́ Àìkú, 4:12 ìrọ̀lẹ́

Nígbà tí ojú rẹ̀ wà lókè: ó ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 11 sáré lójúmọ́, balance ń yí dé dígírì 238. Nígbà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́: ìṣẹ́jú-àáyá 4, dígírì 215. N kò tíì yí nǹkan kan lára ibi tí wọ́n ti ń tún eré rẹ̀ ṣe.

Mo fẹ́ fi sílẹ̀ lórí tábìlì kí n tó dá a padà, kí n mọ iye wákàtí tó máa rìn láìsí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.


Tóyìn_Mushin, Ọjọ́ Àìkú, 5:00 ìrọ̀lẹ́

Mo gbà pẹ̀lú yín báyìí, àbúrò. Ẹ kú àforítì. Ó yẹ kó tó wákàtí 41.


ỌmọAlhaji_Ìbàdàn, Ọjọ́rú, 7:55 àárọ̀

Wákàtí 40 ó lé ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi rìn kó tó dúró. Mo jí ní òru láti wò ó.

Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ni mo gbé e fún bàbá mi. Wọn ò fi í sọ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n gbé e sétí, wọ́n dijú, ó pẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Mẹ́kà." Wọ́n fi í sọ́wọ́ òsì, wọ́n ní kí n fi ọjọ́ rẹ̀ sí Lárúbáwá fún wọn.


Dùgbẹ̀Aago, Ọjọ́rú, 8:30 àárọ̀

Bàbá ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ẹ sọ fún Alhaji pé kí wọ́n má ṣe fi orí ẹ̀gbẹ́ yí ọjọ́ tàbí dátì láàárín aago 9 alẹ́ sí aago 4 àárọ̀, nítorí àwọn jíà rẹ̀ ti wọnú ara wọn lásìkò yẹn, eyín lè kán. Wọ́n sì ní kí ẹ mú fọ́ọ̀kì àtijọ́ yẹn dání lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, irin gbígbóná ti wà lórí tábìlì.